Ìbínú Òǹwòran

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Ó dà bí ìbéèrè kékeré, nítorí ọ̀rọ̀ eré ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo àti ìfẹ́ ni a ó bá níbẹ̀. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí ikọ̀ tí a fẹ́ràn bá ṣẹ́gun akọni ní òní, tí ó sì ṣubú ní ọ̀la níwájú ẹni tí kò tó o, ǹjẹ́ àwa tí a jókòó wòran ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí i? Bí a bá sì ní ẹ̀tọ́ náà, níbo ni ó pin sí?

Agbègbè Agége ni mo ń gbé. Ilẹ̀ tí ó kún fún oko obì àti kòkó ni nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìgbé ayé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti yí padà. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ẹ ó rí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin tí wọ́n ń wọ́ lọ sí Ọgbà, Orégùn àti Agídíngbì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dúró ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ó dára ni èyí tí ó ń ṣe ohun kan náà ní ọ̀nà kan náà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìgò tí ó kẹ́yìn kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣe dáadáa lónìí tí kò sì ṣe dáadáa lọ́la, a ní ó ti bàjẹ́, a sì ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò tún un ṣe. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ní sáà kan tí kò tí ì pẹ́ púpọ̀, àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ni ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, èyí tí a ń pè ní fọ́líbọ́ọ̀lù, tí ó mú orí wa wú. Ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n na ikọ̀ tí gbogbo ènìyàn gbà pé òun ni ó le jù ní àdúgbò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ikọ̀ tí kò tíì borí ẹnikẹ́ni nà wọ́n. Wọ́n tún borí, wọ́n tún ṣubú. Bí sáà náà ti ń lọ ni ọ̀rọ̀ líle ń pọ̀ sí i ní etí pápá. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì wọ inú àwọ̀n. Èmi tí a ń pè ní olùkọ́ dìde dúró láàárín àwọn ènìyàn, mo sì ké pé: "Ẹ yọ ọ́ kúrò! Ẹ yọ ọ́ kúrò!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà á lẹ́nu mi, wọ́n sì sọ ọ́ di orin.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo dá ìwé ìdánwò ìṣirò padà fún kíláàsì náà. Ọmọ yìí kan náà, tí ó wà lára àwọn tí ó ṣáájú ní sáà tí ó kọjá, ti rẹ̀yìn púpọ̀. Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi, mo sì wí fún un pé: "Má ṣe jẹ́ kí ọkàn rẹ rẹ̀wẹ̀sì. Mo mọ ohun tí o lè ṣe. Bí a bá jáde, mú ìwé rẹ wá kí a wo ibi tí ó ti wọ́." Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Sátidé?"

Ojú tì mí. Mo ní kí ó lọ jókòó, n kò sì rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Ohun tí mo ń kọ yìí ni èsì náà, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èmi nìkan ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní pápá kékeré wa ni ó ń ṣẹlẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ Super Falcons, ikọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà tí ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Láti 1998 títí di 2018, ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2022, ní Mòrókò, ipò kẹrin ni wọ́n ṣe. Ní 2023, nínú ìdíje ife àgbáyé, wọ́n na Australia ní ilẹ̀ rẹ̀, ayò 3 sí 2. Wọ́n sì bá England ta ọ̀mì kí wọ́n tó pàdánù nípa pẹnáritì. Ní 2024, nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣeré, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì pàdánù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Júláì 2025, ní Rabat, Mòrókò ti gbá ayò méjì sí wọn kí ìdajì eré tó pé. Wọ́n padà, wọ́n gbá mẹ́ta, wọ́n sì gba ife náà ní ìgbà kẹwàá. Mo mọ ẹni tí ó ní kí a tú ikọ̀ náà ká ní 2024, tí ó sì ń jó ní ojú títì ní 2025, bí ẹni pé òun ni ó gbá ayò kẹta.

Ẹ kíyè sí i pé ikọ̀ tí kò mọ nǹkan kan ṣe kì í bí wa nínú. A máa ń rẹ́rìn-ín, a sì máa ń bá tiwa lọ. Èyí tí ó ṣe rere nígbà kan ni ó ń mú wa gbaná jẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé a ti rí ohun tí ó lè ṣe, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbèsè. A ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe dáadáa sí ìwà wọn gan-an, a sì ka ọjọ́ tí wọ́n ṣubú sí ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó bá wa dá májẹ̀mú pé ọjọ́ rere kan yóò jẹ́ òṣùwọ̀n fún gbogbo ọjọ́? Àwọn àgbà ní, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n rìn tó, kí orí má mì.

Síbẹ̀, n kò sọ pé gbogbo ìbínú òǹwòran ni ó burú. Ó ní ohun rere kan nínú, ẹ sì jẹ́ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ tí a ti ń pàtẹ́wọ́ àánú fún àwọn obìnrin ní pápá. Bí wọ́n bá borí, a ní wọ́n gbìyànjú. Bí wọ́n bá pàdánù, a ní kò ṣe nǹkan kan, obìnrin ni wọ́n. Irú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tàbùkù ẹni ju èébú lọ. Ẹni tí a bá ń retí ohun rere lọ́wọ́ rẹ̀, a ti kà á kún. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí ikọ̀ bá ń ṣe ọ̀lẹ, tàbí tí olùkọ́ni wọn kò bìkítà, ẹni tí ó dákẹ́ kò fẹ́ràn wọn. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni irú ojú tí a fi ń wò wọ́n nígbà tí a bá ń bínú.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti padà wá. Ojú tí a fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ ni a tún gbé lọ sí pápá ní ọjọ́ kẹfà. Ẹ wo bí eré fọ́líbọ́ọ̀lù ti rí. Ènìyàn mẹ́fà ni ó ń dúró ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di bọ́ọ̀lù mú, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ikọ̀ sì lè gbá a kí ó tó kọjá sí òdìkejì. Ẹni kìíní gbà á, ẹni kejì gbé e sókè, ẹni kẹta lù ú. Bí ẹni kìíní kò bá gbà á dáadáa, ẹni kẹta kò ní ohun tí yóò lù. Ṣùgbọ́n òun ni òǹwòran yóò bú, nítorí òun ni ojú rí. Wọ́n sì ń yí ipò ká, tí àìlera ẹnìkan kò fi lè pamọ́ fún ìgbà pípẹ́. Láyé àtijọ́, ikọ̀ tí ó ju bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó lè jẹ ayò. Láti ìgbà tí òfin náà ti yí padà ní òpin àwọn ọdún 1990, àṣìṣe gbogbo ti di ayò fún ẹgbẹ́ kejì. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ìyàlẹ́nu ni pé kí ènìyàn mẹ́fà tilẹ̀ lè dọ́gba fún wákàtí kan.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé àwọn kan ti ṣe é rí. Òtítọ́ ni. Nígbà tí fọ́líbọ́ọ̀lù kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo ní 1964, àwọn obìnrin Japan ni ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú Nichibo ní Kaizuka, lẹ́bàá Osaka: òṣìṣẹ́ bí àwọn ará Ìkẹjà ni wọ́n. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, wọ́n sì ń ṣe ìdánrawò títí òru fi ń jinlẹ̀, lábẹ́ Hirobumi Daimatsu, olùkọ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi yìn ín, tí àwọn mìíràn sì bá a wí. Nítorí náà, a lè ra ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n ó ní iye tí a ń rà á. Ẹni tí ó ń fi ariwo béèrè rẹ̀ ní etí pápá kọ́ ni ó ń san iye náà. Ní Disẹ́ḿbà 2016, lẹ́yìn tí àwọn Super Falcons ti gba ife ní Kamẹrúùnù, wọ́n ní láti jáde sí ìgboro Abuja kí wọ́n tó lè gba owó tí a jẹ wọ́n. Èmi tí mo ń ka gbèsè sí wọn lọ́rùn, n kò béèrè rí bí ẹnìkan bá jẹ wọ́n.

Ẹ tún rántí ẹni tí ó dá eré yìí sílẹ̀. William G. Morgan ni, òṣìṣẹ́ Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́mọkùnrin Onígbàgbọ́ ní ìlú Holyoke ní Amẹ́ríkà, ní 1895. Ó ń wá eré fún àwọn ọkùnrin oníṣòwò tí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ le jù fún. Eré ìtura fún ẹni tí iṣẹ́ ti mú rẹ̀ ẹ́ ni fọ́líbọ́ọ̀lù ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwa ni a sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ kejì.

Níbo, nígbà náà, ni ẹ̀tọ́ òǹwòran pin sí? Mo rí ààlà mẹ́ta. Èkínní, kí ẹni tí yóò bá wọn wí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kí ó lè sọ ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ó parí sí nìkan. Èkejì, kí ó béèrè ohun tí a fún wọn kí ó tó béèrè ohun tí wọ́n mú wá. Ẹ̀kẹta, kí ó wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Àwọn bàbá wa ní, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Ẹni tí ó ní ọwọ́ ọ̀tún nìkan, kí ó lọ ṣọ́ ẹ̀rọ.

Mo ti rí èsì ìbéèrè ọmọ náà wàyí. Ní kíláàsì, mo mọ̀ pé èmi ni yóò jíhìn nípa rẹ̀. Bí ó bá rẹ̀yìn, mo ní láti wo iṣẹ́ tèmi pẹ̀lú. Ní pápá, mo rò pé òun ni yóò jíhìn fún mi. Ọmọ kan náà ni, olùkọ́ kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní ibi kan mo ru ẹrù, ní ibi kejì mo jókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè tí ó tẹ̀lé e, mo lọ wo ìdánrawò wọn, èyí tí n kò ṣe rí. Mo ka iye ìgbà tí ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù nínú oòrùn: ogójì. Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣáájú ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó ní olùkọ́ni wọn ti sọ bẹ́ẹ̀ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú sí ohun tí mo ké ní Sátidé. Ikọ̀ náà kò gba ife kankan ní sáà náà. Wọ́n borí, wọ́n ṣubú, títí sáà fi parí. Ṣùgbọ́n n kò tún pàdánù ìdánrawò ọjọ́ Túsìdeè mọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì ṣe ohun tí kò dára, mo máa ń sọ fún wọn, wọ́n sì máa ń gbọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa retí ohun rere lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, kí a sì máa sọ òtítọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí a tó dìde láti ké, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè bí òun bá wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Túsìdeè.