Ẹ Lọ Pe Ìyá Ọmọ Wá

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 2:1–10

Nígbà tí a bá ka ìtàn Mósè, orí apẹ̀rẹ̀ àti omi odò ni ọkàn wa sábà máa ń dúró sí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ọmú tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin Fáráò ní ààfin, ó ní ìránṣẹ́, ó ní wúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà ń sunkún, kò sí èyí tí ó wúlò nínú wọn. Ọmú ni ọmọ ń fẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí a gbà pé Míríámù ni, ni ó mọ ibi tí ọmú wà, ó sì lọ pe ìyá ọmọ wá. Ààfin wá ń san owó fún Jókébédì kí ó lè fún ọmọ tirẹ̀ lọ́mú! Bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe tirẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ tí mo fẹ́ kí a fi ìtàn yìí rò ni ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní ọmọ olóṣù méje. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Charles Wesley, ẹni tí a ń kọ orin rẹ̀ nínú ìsìn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni. Ní December 1707 ni Susanna bí i, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú àkókò. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé irun àgùntàn ni wọ́n fi wé e, kò sunkún, kò lajú, títí di ìgbà tí ó yẹ kí a bí i gan-an.

Kí ló dé tí àrùn fi ń tètè mú irú ọmọ yìí? Oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún ni ìyá ń fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn èròjà agbógunti-àrùn ránṣẹ́ sí ọmọ nípasẹ̀ ibi ọmọ. Ọmọ tí ó tètè jáde ti jáde kí ẹrù náà tó dé. Ìfun rẹ̀ kò sì tíì gbó. Àrùn kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù lára wọn: ikùn ọmọ a wú, apá kan ìfun rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Omi ọmú ni Ẹlẹ́dàá fi dí àlàfo yìí. Èyí tí ó kọ́kọ́ ń jáde, tí ó ki, tí ó pupa rúsúrúsú, kún fún èròjà tí ń bo inú ìfun, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn rí ibi dì mú. Irú ṣúgà kan tún wà nínú omi ọmú tí ara ọmọ kì í lò fún oúnjẹ; àwọn kòkòrò rere inú ìfun ni ó wà fún, kí wọn lè gba ààyè lọ́wọ́ àwọn búburú. Ẹ wò ó: oúnjẹ ọmọ ni, a sì bu ti àlejò mọ́ ọn. Bí ìyá bá sì ń gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra ní wọ́ọ̀dù, ara rẹ̀ ń bá kòkòrò tí ó wà ní wọ́ọ̀dù náà pàdé; yóò ṣe ohun ìjà tí ó bá a mu, yóò sì fi í sínú omi ọmú. Wàrà agolo kò mọ wọ́ọ̀dù tí ọmọ wà. Ní 1990, Alan Lucas àti T. J. Cole tẹ ìwádìí jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọmọ 926 tí kò pé oṣù: àrùn ìfun yẹn wọ́pọ̀ ní ìlọ́po 6 sí 10 lára àwọn tí a fi wàrà agolo nìkan bọ́ ju àwọn tí ó mu omi ọmú nìkan lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ gbọ́ mi. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí àwọn kan ń ní kí abiyamọ fún dànù, kò dọ̀tí. Ẹ má fi omi gbígbóná tàbí àgbo rọ́pò rẹ̀. Bí ọmọ kò bá lè fa ọmú, kí ìyá máa fún ọmú rẹ̀ sínú ife mímọ́ ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru, bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ó lè má ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ ní ọjọ́ kìíní. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ọ̀sì yóò fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ife kékeré gbé e dé ikùn ọmọ. Bí dókítà bá ní kí a fi nǹkan kún un nítorí pé ọmọ kéré púpọ̀, ẹ gbà fún un. Bí wọ́n bá sì ní kí ìyá gbé ọmọ lé àyà, awọ kan awọ, kí ó gbé e. (Àyà ni o, kì í ṣe ẹ̀yìn!)

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ kan mu omi ọmú, wọ́n sì tún lọ. Àwọn ìyá kan fún ọmú títí, kò jáde. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa má fi ìwé yìí na irú wọn. Jókébédì pàápàá gbé ọmọ rẹ̀ sí etí odò nítorí pé kò sí ohun tí ó tún lè ṣe.

Iṣẹ́ Míríámù ni tiwa. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ta ni ń se oúnjẹ fún un? Ta ni ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù lọ sí ilé ìwé? Bí kò bá rí owó ọkọ̀, ọmú wà nílé, ọmọ wà ní ọsibítù. Kí ẹgbẹ́ ìjọ kọ̀ọ̀kan yan obìnrin méjì tí yóò máa mójú tó èyí. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń mú, kí ó gbé abọ́ oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, kí ó sì padà sílé.