Okùn Tí Ó Fa Ọkọ̀ Wálé

Ìtàn ìrìnàjò sábà máa ń parí níbi tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ọkọ̀ kékeré kọjá òkun ńlá, àwọn ènìyàn á péjọ sí èbúté, wọn á pàtẹ́wọ́, àwọn oníwèé ìròyìn á ya àwòrán, olúkúlùkù á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán fún ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ilé rẹ̀ ń bẹ ní òdì kejì òkun. Afẹ́fẹ́ tí ó gbé e wá lè má gbé e padà. Oúnjẹ ti tán, ara ti rẹ̀ ẹ́, àkókò tí ó gbà lẹ́nu iṣẹ́ ti ń parí lọ. Nígbà náà ni a ó gbé ọkọ̀ náà lé orí ọkọ̀ tí ó tóbi jù ú lọ, tàbí kí a so okùn mọ́ ọn níwájú kí ọkọ̀ mìíràn máa fà á, tàbí kí a gbé e ka orí kẹ̀kẹ́ ẹrù kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa wọ́ ọ lọ lórí títì. Ẹni tí ó dá òkun kọjá kò lè dá ilé rẹ̀ dé.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ okùn yìí ń dín iyì ìrìnàjò kù? Ṣé ìtìjú ni kí a fa ènìyàn wálé? Ẹnu lè yá wa láti dáhùn pé rárá. Síbẹ̀, àwa kan náà ni a ń pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, tí a sì ń sọ ọ́ sétí àwọn ọmọ tí ń múra àjò. Bí òwe yìí bá túmọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbà pé ó túmọ̀ sí, a jẹ́ pé ó sàn kí ọkọ̀ rì ju kí a fà á lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ mẹ́ta wọn ọ̀rọ̀ náà wò.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń jẹ́ Tinkerbelle. Robert Manry ni ó ni ín, ọkùnrin kan tí ó ń ṣe àtúnṣe ìròyìn ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìlú Cleveland, ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù ni, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 4 lọ. Manry fúnra rẹ̀ ni ó tún un ṣe, tí ó sì kan yàrá kékeré kan lé e lórí. Orí títì ni a ti fà á láti ìpínlẹ̀ Ohio dé etí òkun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1965, Manry nìkan wọ inú rẹ̀ ní Falmouth ti ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó sì kọjú sí Òkun Àtìláńtíìkì. Ìgbì gbá a jù sínú omi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ; okùn tí ó fi so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí ó ṣègbé. Lẹ́yìn ọjọ́ 78, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, ó gúnlẹ̀ sí ìlú mìíràn tí òun náà ń jẹ́ Falmouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti jáde wá pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ọkọ̀ ńlá ni ó gbé òun àti ọkọ̀ rẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà. Tinkerbelle wà ní Cleveland di òní, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ onítàn tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé agbègbè náà.

Ta ni yóò sọ pé Manry kò kọjá òkun nítorí pé ọkọ̀ ńlá ni ó gbé e padà? Kò sí. Ohun tí ó ní òun yóò ṣe ni pé òun yóò ti Falmouth kan dé Falmouth kejì, ó sì ṣe é. Iyì a máa wà nínú ohun tí ènìyàn sọ pé òun ṣe, bí ó bá ṣe é ní tòótọ́. Ìpadàbọ̀ kò sí lára ohun tí ó fi yangàn, nítorí náà okùn kò lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ kejì gba ìrònú díẹ̀ sí i. Ní ọdún 1947, Thor Heyerdahl, ọmọ ilẹ̀ Norway, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún so igi ńlá mẹ́sàn-án tí ó fúyẹ́ pọ̀ ní Peru, wọ́n ta ìgbòkun sí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Kon-Tiki. Wọ́n fẹ́ fi hàn pé àwọn ará àtijọ́ lè ti gúúsù Amẹ́ríkà dé àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì lórí irú igi bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ọkọ̀ afàkọ̀ kan fà wọ́n jáde ní èbúté Callao dé nǹkan bí kìlómítà 80 sínú òkun kí ó tó tú okùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 101, ìgbì gbé wọn lu òkúta ní erékùṣù Raroia. Ọkọ̀ ìgbòkun Tamara, tí ó wá láti Tahiti, ni ó fi okùn fa Kon-Tiki lọ sí Tahiti. Láti ibẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ńlá, ó sì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀ ní Oslo lónìí.

Níhìn-ín, okùn wà ní ìbẹ̀rẹ̀, okùn wà ní ìparí. Ti ìparí kò fa àríyànjiyàn. Ti ìbẹ̀rẹ̀ fà á, nítorí pé àwọn onímọ̀ kan wí pé àwọn ará àtijọ́ kò ní ọkọ̀ afàkọ̀ tí yóò fà wọ́n kọjá omi etíkun. Àtakò tí ó nítumọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó jẹ́ kí wọ́n lè ta kò ó? Heyerdahl kò fi okùn náà pamọ́. Ó sọ ibi tí wọ́n ti fà á, ó sọ ibi tí wọ́n ti tú u sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi okùn rẹ̀ hàn ti fún àwọn ènìyàn ní ọ̀pá ìwọ̀n tí wọn yóò fi wọn iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè dín in kù díẹ̀; wọn kò lè pè é ní òpùrọ́.

Ọkọ̀ kẹta ni ó bani nínú jẹ́. Ní ọdún 1968, ìwé ìròyìn Sunday Times ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìdíje kan kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè dá nìkan wa ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé ká láìdúró ní èbúté kankan. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ni ó bẹ̀rẹ̀. Donald Crowhurst wà lára wọn, ọkùnrin tí ó ní aya àti ọmọ mẹ́rin, tí òwò rẹ̀ kò sì lọ déédéé. Ó jẹ gbèsè sórí ọkọ̀ náà: bí ó bá padà láìparí, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo owó ọkọ̀ náà yóò wà. Ó ṣí kúrò ní ìlú Teignmouth ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Kò pẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá gba òkun gúúsù lọ, òun yóò rì. Ó mọ̀ pé bí òun bá padà, òun yóò di ẹni yẹ̀yẹ́ àti ẹni gbèsè. Nítorí náà ó dúró sínú Àtìláńtíìkì, ó sì ń fi rédíò ránṣẹ́ irọ́ nípa ibi tí òun dé. Ohun tí ó kọ gbẹ̀yìn jẹ́ ti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1969. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ọkọ̀ ńlá kan bá ọkọ̀ rẹ̀ tí ó ń léfòó lórí òkun láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. A kò rí Crowhurst mọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Láti inú wọn ni ayé ti mọ òtítọ́. Ara ọkọ̀ náà jẹrà sí etíkun Cayman Brac, ní Òkun Kàríbíà, kò délé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó parí ìdíje náà, Robin Knox-Johnston, tí ó lo ọjọ́ 312. Ó gba ẹ̀bùn 5,000 pọ́n-ùn. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó kó owó náà fún aya àti àwọn ọmọ Crowhurst. Àwọn kan lè wí pé ikú ni ó rọ ọkàn àwọn ènìyàn, pé bí ó bá padà láàyè pẹ̀lú irọ́ rẹ̀, ẹ̀gàn ni ì bá bá pàdé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gàn a máa rọlẹ̀ lọ́jọ́ kan, gbèsè a sì máa tán díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin tí ń retí bàbá wọn kò ní kí ó mú ẹ̀bùn bọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí òwe wa. Ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ ni ìkìlọ̀ fún ẹni tí kò tíì ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ó ń bá ẹni tí ó fẹ́ jalè wí, àti ẹni tí ó fẹ́ ta ará ilé rẹ̀. Ẹ̀sín tí wọ́n ń sọ ni èyí tí ìwà burúkú bí. Ọkọ̀ tí ó jò kì í ṣe ìwà burúkú. Bí Crowhurst bá padà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ó ní, “Ọkọ̀ mi ń jò, ẹ wá fà mí,” kò sí ẹ̀sín kankan níbẹ̀, àdánù ni. Irọ́ ni ó sọ àdánù di ẹ̀sín, ìbẹ̀rù ẹ̀sín tí kò sí ni ó sì bí irọ́ náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi òwe yìí sé ọ̀nà ilé mọ́ ẹni tí àjò kò yẹ, ó lo òwe ní òdì. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ẹnì kan lè bi mí pé: bí a bá ń yẹ́ gbogbo ẹni tí a fà wálé sí, ṣé a kò ní sọ ọ̀lẹ di ẹni iyì? Ìbéèrè gidi ni, àwọn tí ń fa ọkọ̀ lórí omi sì ti dá a lóhùn kí a tó bèèrè. Fífa ọkọ̀ ní òfin tirẹ̀. Okùn gbọ́dọ̀ gùn tó, kí ó má baà máa já ọkọ̀ kékeré gbà nígbà tí ìgbì bá gbé e sókè. A kì í so ó mọ́ ibi tí kò lágbára, nítorí ibẹ̀ ni yóò ya. Ẹni tí ń fà kò gbọ́dọ̀ sáré, ó sì gbọ́dọ̀ máa wẹ̀yìn. Bí ó bá sáré, omi á kún inú ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn, ọkọ̀ náà á sì rì sọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbà á là. Ẹni tí a ń fà náà kò gbọ́dọ̀ sùn. Ó ní láti di ìtọ́kọ̀ mú kí ọkọ̀ rẹ̀ lè máa tọ ẹ̀yìn èyí tí ń fà á. Bí ó bá fi í sílẹ̀, á máa fì sọ́tùn-ún, á máa fì sósì, okùn á sì já. Ọ̀lẹ kò lè ṣe èyí. Ẹni tí a fà wálé láìjẹ́ pé ó ju ìtọ́kọ̀ sílẹ̀ ti ṣe ipa tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Kò sí ìlú kan nínú àwọn ìlú wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé Àjàṣẹ́, tí kò ní ọmọ tí ó lọ sí Kútọnu, Èkó, Libreville tàbí ilẹ̀ Yúróòpù, tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣaláìní owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn bọ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ohun tí wọn yóò fi hàn. Wọ́n yí nọ́ńbà tẹlifóònù padà. Ìyá ń ṣàìsàn, wọn kò wá. Wọ́n sin bàbá, wọn kò sí níbẹ̀. Àwa tí a wà nílé ní ẹ̀bi tiwa, nítorí pé ẹrù ni ojú wa kọ́kọ́ ń wò nígbà tí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. “Ẹ kú àbọ̀” ni à ń kí ẹni tí ó dé, “ẹ kú ewu ọ̀nà” ni a fi ń tẹ̀ lé e. Bíbọ̀ náà ni a kí, ewu tí ó ré kọjá ni a kí. Kò sí ẹrù nínú ìkíni méjèèjì.

Ẹ̀bi kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ, ti àwa tí àjò yẹ ni. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ara wa fún àwọn ọmọdé, a máa ń gé okùn kúrò nínú rẹ̀. A ní ọwọ́ ara wa ni a fi dé ibi tí a dé. A kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀ kí àbúrò lè lọ, tàbí ìyá tí ó gba èésú rẹ̀ ṣáájú àkókò kí a lè san owó ìdánwò, tàbí ará ìlú tí ó fún wa ní ibi tí a sùn sí fún ọdún kan ní ìlú àjèjì. Ọmọ tí ó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ á gbà pé gbogbo ẹni iyì ni ó dá wa ọkọ̀ rẹ̀ délé. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tirẹ̀ bá ń jò, ojú á tì í láti kígbe.

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ méjì ni mo rí níbẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ti délé ka okùn rẹ̀ sétí àwọn ọmọ, kí ó dárúkọ ẹni tí ó di orí rẹ̀ mú. Kí ẹni tí ó ní ọmọ lẹ́yìn odi ránṣẹ́ sí i, kí ó sọ ọ́ kedere pé ilẹ̀kùn kò béèrè ẹrù. Bí ọmọ náà bá dáhùn, kí a ju okùn sí i, kí a sì fà á jẹ́jẹ́.