Ire Wo La Kọ́kọ́ Ń Bèèrè Lóṣù Ọ̀pẹ?

Bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé, ara kì í rọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí kò rówó ra ìrẹsì láti ọjọ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta odindi àpò. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun á máa rọ́ wọlé, ilé ijó l'Ékòó kò ní í sùn, Detty December sì lorúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ sọ àsìkò náà. Aṣọ ẹbí ń bọ̀ lọ́tùn-ún, ìwé ìpè ìgbéyàwó ń bọ̀ lósì, owó ilé-ìwé oṣù Kìíní sì ti lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹni tó jáde wá ayọ̀ ọdún ti ń wá ẹni tí yóò yá a lówó.

Ifá kò ní ọdún Kérésì. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù ni wọ́n ń ṣe ọdún tirẹ̀ ní Òkè Ìtasẹ̀, n'Ílé-Ifẹ̀. Síbẹ̀, n kò tíì rí ilé babaláwo tí wọn kì í ti í se ìrẹsì lọ́jọ́ Kérésì. Wọ́n á ní nítorí àwọn ọmọ ni, bàbá náà á sì fi ìyẹn gba itan adìyẹ. Èmi ò rí ohun tó burú bí a bá gbé ọ̀rọ̀ àsìkò yìí síwájú Ọ̀rúnmìlà.

Ẹ wo bí babaláwo ṣe ń ṣe é. Bí ọ̀kan nínú àwọn Odù 256 bá ti yọjú lórí ọpọ́n tàbí lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, iṣẹ́ kò tíì tán. Yóò mú ìbò, owó ẹyọ àti egungun, fún ẹni tó wá dífá, onítọ̀hún á pa wọ́n mọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, babaláwo á wá bi Ifá pé ṣé ire ni àbí ibi. Bí Ifá bá fọre, yóò tún bi í pé ire wo. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ babaláwo, ire àìkú ló máa ń ṣíwájú nínú ìbéèrè yìí. Ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà ara ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó kan ajé, kí wọ́n tó kan aya, ọmọ àti ìṣẹ́gun. Ẹni tí gbèsè lé wá sídìí Ifá lè máa retí ajé títí ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ. Babaláwo ò ní í torí ìyẹn fo àìkú.

Àwa a sì máa dojú ètò yìí dé lóṣù Kejìlá. Ajé la ń bi ọ̀gá níbi iṣẹ́, ajé la ń bi ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ tó ti ti Èkó dé Àkúrẹ́ láàárọ̀ fẹ́ sáré padà wá kó èrò mìíràn kílẹ̀ tó ṣú, torí owó ọkọ̀ ti gbẹ́nu sókè. Bí ìjàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, a ó ní oṣù ẹ́ńbà ló ń gbẹ̀jẹ̀. Mẹ́jọ ni àwọn ajogun tí Ifá dárúkọ fún wa: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. N kò gbọ́ orúkọ oṣù kankan láàárín wọn. Eré àsápajúdé ló ń ṣílẹ̀kùn fún Ikú lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kàlẹ́ńdà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìtàn Ọ̀bàrà Méjì, ọ̀kan nínú àwọn Odù, ni mo máa ń rántí jù lásìkò yìí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á pọ̀ nílé, wọ́n sì ń pa á ní Kúbà àti Bùràsíìlì pẹ̀lú. Àwọn Odù lọ sí ilé Olófin. Ọ̀bàrà, tó tòṣì jù nínú wọn, kò bá wọn lọ. Wọ́n ti ń fojú wọn owó, wọ́n ti ń fojú wọn aṣọ, àfi bí Olófin ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní elégédé. Elégédé! Wọ́n gbé e lérí, wọ́n ń kùn bọ̀ lọ́nà. Ebi wá dé, wọ́n sì yà sílé Ọ̀bàrà. Ọ̀bàrà ní kí wọ́n jókòó, ó se èyí tó wà nílé, wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n da elégédé sílẹ̀ fún un bí ẹni da ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ tí oúnjẹ tán, tọkọtaya gbé ọ̀kan kí wọ́n fi se ọbẹ̀. Wọ́n ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, iyùn àti owó ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pé jọ lọ́dọ̀ Olófin, Ọ̀bàrà gun ẹṣin dé pẹ̀lú aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ rí, Olófin sì bi àwọn yòókù pé elégédé wọn dà.

Orí iyùn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí ìtàn náà sí. Ibòmíràn lojú tèmi wà. Inú àwọn àlejò wọ̀nyí ò dùn láàfin Olófin, níbi tí wọ́n ti retí ẹ̀bùn. Ilé òtòṣì ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ẹni tí wọ́n gbé hámpà fún lónìí, tó ń ka agolo mílíìkì inú rẹ̀, tó ń fi wé ti aládùúgbò.

Ẹnì kan lè ní ṣé Ọ̀bàrà náà kò náwó kọjá agbára rẹ̀ ni. Ó na oúnjẹ ilé tán lóòótọ́, àmọ́ n kò gbọ́ ọ níbi kankan pé ó lọ yáwó kí àlejò má baà fojú tẹ́ńbẹ́lú òun. Ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ni mo wà ṣá. Nínú àwọn kan tó ń pa ìtàn náà, obìnrin yìí bínú, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òpònú ni. Ta ló dáná fún gbogbo èrò yẹn? Ìyá tó ń dá nìkan dúró nídìí ààrò láti àárọ̀ Kérésì títí di alẹ́ ọdún tuntun, ibo ni yóò ti rí ayọ̀ ọdún? Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ fìyà jẹ Ìwà, aya rẹ̀, Ìwà sì fi ilé sílẹ̀. Láti ilé ọba kan dé òmíràn ni bàbá ń wá a kiri.

Ká padà sórí ètò ire tí à ń sọ: ní Havana, nílẹ̀ Kúbà, nígbà tí ayé ń yìnbọn ọdún tuntun, ìdí Ifá ni àwọn babaláwo wà. Wọ́n á dífá fún ọdún tó ń wọlé, wọ́n á kéde Odù tó jáde, òrìṣà tí yóò ṣàkóso ọdún, àti bóyá ire ni àbí ibi. Nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń kà sétí ìlú ni ìmọ́tótó, ìtọ́jú àìsàn, àti kí ará ilé má bára wọn jà. Arikú ni àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú lọ wọ̀nyí ń pe àìkú, òun náà ló sì ń ṣíwájú ire yòókù lọ́dọ̀ wọn.

Bí babaláwo bá sì ní kéèyàn rúbọ, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹran ọlọ́lá ń wọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn, àsè àwọn ọmọdé àdúgbò ni Ifá máa ń mú. Ìkòkò ẹ̀wà kan, àádùn, ìrèké tí a gé wẹ́wẹ́: owó rẹ̀ ò tó ti aṣọ ẹbí kan, àwọn ọmọ náà kò sì ní í béèrè irú àwo tí a fi bù ú.