Agolo Mílíìkì: Ẹ̀bùn Ni Tàbí Ẹ̀tọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, a sì fẹ́ kí ẹ bá wa gbé e yẹ̀ wò.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní àdúgbò wa ní Fate níhìn-ín, ọ̀dọ́bìnrin kan bímọ, kò sì pẹ́ tí ó fi jáde láyé. A kò mọ ibi tí bàbá ọmọ náà wà. Ìyá olóògbé, tí ó ń ta ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, gbá ọmọ náà mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ má gbé e lọ. Bí mo bá ti rí mílíìkì, èmi ni n ó tọ́ ọ." Àwa ìyá bíi mélòó kan dá owó jọ. Ní oṣù kìíní, agolo mílíìkì tí a rà tó ọmọ náà. Ní oṣù kejì, ó dín. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ẹnì kan nínú wa ń san owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹlòmíràn ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ìfẹ̀yìntì tiwa náà kò sì ju ohun tí ẹ mọ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin, a gbé ọmọ náà lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìníyàá.

Nígbà tí Kérésìmesì dé, àwa kan náà di ẹrù sínú ọkọ̀, a lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀: ìrẹsì, ọṣẹ, bísíkíìtì, àti páálí agolo mílíìkì. A kọrin, a gbàdúrà, a ya fọ́tò. Mílíìkì tí a kó lọ lọ́jọ́ náà ì bá tó ìyá àgbà yẹn lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yìí ti ń bá wa gbé: kí ló dé tí owó fi mọ ọ̀nà ilé tí a kọ́ fún ọmọ, tí kò mọ ọ̀nà ilé tí ọmọ ti wá?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń bú ilé àwọn ọmọ aláìníyàá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí wa, nọ́ọ̀sì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, Ruth Kersey, gba àwọn ìkókó tí ìyá wọn kú mọ́ra ní àkókò tí ó ṣòro kí irú wọn tó yè, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pe ilé náà. Àwọn ọmọ kan wà tí a he ní ẹ̀gbẹ́ àkìtàn, tí a kò rí ẹbí kankan wá lọ. Irú àwọn wọ̀nyí kò ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ ti Fate ní ìyá àgbà. Mílíìkì ni kò ní.

Àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́ jù wá lọ ti rí èyí. Ní 1869 ni Alùfáà Thomas Bowman Stephenson, ẹni ìjọ wa, dá ilé sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ọmọ tí ń sùn ní títì. Ẹgbẹ́ tí ó ti inú rẹ̀ jáde, tí à ń pè ní Action for Children láti 2008, ti yí ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ sí ríran ẹbí lọ́wọ́ kí ọmọ má baà di ará ilé-ìtọ́jú. Ní 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọwọ́ sí ìlànà kan tí ó sọ pé òṣì nìkan kò tó ìdí láti gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn tí ó bí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ilẹ̀ wa, tí Ìpínlẹ̀ Kwara náà ti sọ di òfin tirẹ̀, fi lé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti ran àwọn ọmọ aláìní lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ pé inú ẹbí wọn ni wọn yóò ti dàgbà, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Kódà òfin náà mẹ́nu kan ibi ìtọ́jú ọmọ ní ọ̀sán fún àwọn tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ.

Àwa tí à ń ka Bíbélì kò yẹ kí èyí jọ lójú bí ohun tuntun. Ta ni ó san owó ọ̀yà fún ìyá Mósè? Ọmọbìnrin Fáráò ni, láti inú ilé ọba. Ààfin tóbi, kò sì sí pé wọn kò rí yàrá fún un, síbẹ̀ ilé ìyá rẹ̀ ni owó náà bá ọmọ lọ.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé kí ìjọba má ba àṣà wa jẹ́, nítorí ojú kan ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí igba ojú náà wà báyìí: wọ́n ti lọ sí Èkó, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí ó kù sí Fate níhìn-ín, awò ni wọ́n ń lò. Obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lè sanwó fún ibi tí wọn yóò ti bá a wo ọmọ. Èyí tí ó ń ta ọsàn ń kọ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà, nínú oòrùn àti èéfín ọkọ̀, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àtakò kan tilẹ̀ wà tí ó le jù èyí lọ: ìjọba náà máa ń rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ti 2004 ya ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 sọ́tọ̀ láti inú àpò ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, tí ìtọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá. Ní 2013 ni wọ́n yọ Kwara kúrò nínú àwọn tí ń gba owó náà, nítorí bí a ṣe ná èyí tí a ti gbà. Lẹ́yìn tí ìjọba mìíràn dé ní 2019 ni wọ́n san gbèsè, tí ilẹ̀kùn sì tún ṣí. Ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 3 nígbà tí ilẹ̀kùn tì ti di ọmọ ọdún 9. Àwa tí a ti kọ́ kíláàsì kìíní rí mọ̀ ohun tí ọdún wọ̀nyẹn jẹ́ fún ọmọ, wọn kì í padà wá.

Síbẹ̀, ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ṣe bẹ́ẹ̀, a sọ̀rọ̀, ìwé ìròyìn kọ ọ́, a sì lè fi ìbò bèèrè rẹ̀. Nígbà tí ó rẹ àwa, ta ni ìyá àgbà yẹn ì bá fi wá sùn? Ẹ̀bùn ni a ń fún un, a kì í sì í bèèrè ẹ̀bùn bí ẹni bèèrè gbèsè. Ní oṣù kẹrin yẹn, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọpẹ́ náà ni ó ń dùn wá jù.

Ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, a ó dábàá pé kí ìdajì owó ìrẹsì Kérésìmesì wa máa lọ fún mílíìkì ní ilé àwọn ìyá àgbà, kí a sì yan ìyá mẹ́ta tí yóò lọ béèrè ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn obìnrin àti ọmọdé: bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ ní Fate lọ́la, ọ́fíìsì wo ni kí ìyá àgbà náà lọ, ìwé wo ni yóò mú dání, kí sì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá là wá lọ́yẹ̀.

Ìyá náà ṣì ń ta ẹ̀kọ. Bí a bá ń kọjá lọ, a máa kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, a sì máa béèrè bóyá a ti tún lọ wo ọmọ náà.