Ìgbà Tí A Bá Jí Ni Òwúrọ̀ Ẹni

Kíkà: Nehemiah 8:1–8



Nínú ibi kíkà wa, tọkùnrin tobìnrin ló péjọ láti gbọ́ ìwé Òfin. Wọ́n kà á ketekete, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ títí ó fi yé wọn. Ọlọ́run fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun yé gbogbo ènìyàn, àti obìnrin pẹ̀lú.

Ní ọdún 1862, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan, Charlotte Forten, ẹni ọdún 25, fi Philadelphia sílẹ̀ lọ sí erékùṣù St. Helena ní South Carolina. A kò bí i sínú ẹrú. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́ àwọn ẹrú tí olówó wọn ti sá fún ogun ní ìwé. Láti 1834 ni òfin ibẹ̀ ti ka kíkọ́ ẹrú ní ìwé léèwọ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké a máa gbé àbúrò wọn wá, nítorí ìyá wọn wà lóko òwú. Ìyá kan ń gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wá lójoojúmọ́. Ìyá arúgbó kan, tí kò dín ní ẹni 60 ọdún, tó ti ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ, jókòó láàárín àwọn ọmọdé, ó ń kọ́ ìwé.

Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ ń di Bíbélì mú lásán nítorí ojú ń tì yín, ẹ wo ìyá yìí. Ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kà ńkọ́? Ta ni ẹ ti kọ́? Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìpàdé fún A, B, D. Ẹ má sì sọ pé àyè kò sí. Kò tó ọdún méjì tí Charlotte lò níbẹ̀. Àìlera mú un padà sílé ní 1864. Síbẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, Penn School, ń kọ́ ọmọ títí di 1948. Ẹ jẹ́ ká gbin tiwa. Ọlọ́run ni yóò mú un dàgbà.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìwé tí a pa dé fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Àmín.