Ọwọ́ Ọmọdé àti Ojúṣe Àgbà

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò kì í yan ohun tí yóò fọwọ́ bà. Ohun tó ń dán, tó ń mì tàbí tó ń dún ni ó máa ń lọ bá, èyí tó bá sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ní Koko, ọ̀kan nínú àwọn arrondissement mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ Bantè ní ẹkùn Collines, lórílẹ̀-èdè Benin, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Savalou, àwọn obìnrin ń yan gàrí. Agbada gbígbòòrò wà lórí ààrò amọ̀, ó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ro gàrí fi lè jókòó sórí àpótí ti iṣẹ́ rẹ̀; etí agbada yẹn gan-an ni ọmọ tó ń kọ́ ìdúró máa ń nawọ́ sí kó lè rí nǹkan dì mú. Ní àsìkò kajú, kóró tútù máa ń wà lójú àgbàlá níbi tí wọ́n sá a sí. Èèpo kóró náà ní òróró kan nínú tó ń jó awọ ara bí iná: ọmọ tó bá fi eyín tuntun gé e, ètè rẹ̀ yóò lé ròrò. Oògùn apakòkòrò òwú wà nínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì tó bá sì ṣófo lè di ohun ìpọnmi. Kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, bó bá ti yọ́ tán nínú ife, bí omi ló rí. Ìgò kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé gba ẹ̀yìnkùlé wá láti Nàìjíríà, wà lẹ́bàá ọ̀nà àti lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú ìgò ọtí àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ohun mímu.

Bí ọmọ bá fọwọ́ kan agbada tó gbóná, ta ló ṣe é? Ṣé ọmọ tí kò gbọ́ràn ni, àbí orí rẹ̀, àbí Ọlọ́run, àbí ẹni tó gbé agbada síbẹ̀? Ọ̀nà tí èèyàn bá gbà dáhùn ìbéèrè yìí ló ń pinnu bí yóò ṣe to ilé rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo irú ìmọ̀ tí ọmọ ọwọ́ ní. Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wọn sínú ìwé kan tó jáde ní 1986. Lójú àwọn oníṣègùn náà, ohun tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tó sì yé e, ni ìmọ̀; ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni, títí yóò fi dán an wò. Àgbàlagbà ń fi ìgbàgbọ́ gbé ayé ju bó ti rò lọ: kò sẹ́ni tó mu kọ́sítíìkì wò kó tó gbà pé ó ń pani. Ọmọ oṣù mẹ́jọ kò tíì ní irú ọ̀nà yẹn. Ìkìlọ̀ kò tíì di ọ̀rọ̀ létí rẹ̀, ìmọ̀ nìkan ló ní, ọwọ́ àti ẹnu sì ni ojú tó fi ń wá a. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti pe ìtojúbọ̀ rẹ̀ ní agídí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún un láti mọ ayé ló ń tọ̀.

Ìtàn Ànábì Músà tí àwọn àgbà Júù àti àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ń sọ bá èyí mu. Nígbà tó wà lọ́mọdé láàfin Fáráò, ó nawọ́ gbá adé ọba, tàbí irùngbọ̀n rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti sọ ọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n pa á. Àwọn kan ní ọmọ tí kò lóye ni, kí wọ́n gbé wúrà àti ẹ̀yinná síwájú rẹ̀ kí wọ́n fi dán an wò. Ọwọ́ ọmọ fẹ́ lọ síbi wúrà, áńgẹ́lì tì í síbi ẹ̀yinná, ó gbé e sẹ́nu, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo títí dọjọ́ alẹ́. Ìdájọ́ ààfin tọ̀nà lápá kan, nítorí ẹni tí kò mọ iná yàtọ̀ sí wúrà kò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwíjàre yẹn kò wo ahọ́n sàn. Nínú gbogbo àgbà tó pé jọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó ka ẹ̀bi sí ọwọ́ tó gbé ẹ̀yinná síwájú ọmọ.

Àwọn kan gbà pé ìrora ni olùkọ́ tó dára jù: jẹ́ kí iná ta á lẹ́ẹ̀kan, kò ní débẹ̀ mọ́. Jean-Jacques Rousseau, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó fẹ́ kí ọmọ kọ́ ẹ̀kọ́ láti ara ìṣubú àti ìfarapa kékeré, ni wọ́n sábà máa ń fi gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwé Émile tó kọ ní 1762, Rousseau fúnra rẹ̀ yọ ibi gíga, ìdí iná tí ọmọ bá dá wà, àti ohun èlò tó léwu kúrò nínú ohun tó fẹ́ kí ọmọ fi kọ́gbọ́n. Ìwádìí tí Karen Adolph gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997 jẹ́ kí ìdí rẹ̀ túbọ̀ hàn. Ọmọ tó ti ń rákò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga jù fún un, kì í sọ̀ ọ́. Nígbà tí ọmọ kan náà bá bẹ̀rẹ̀ sí rìn, ó tún ń kó ara lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti ń yẹra fún tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ ìrákò kò bá lè bá ọmọ dé orí ìrìn, ohun tí agbada gbígbóná kọ́ ọ kò ní bá a dé ìdí ìgò kpayo.

Ìyà kpayo kì í sì í ṣe ìyà kékeré. Ẹnu kan péré tó. Bí ọmọ bá húkọ́ tàbí tó bì, epo náà lè ya wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń ṣe ọṣẹ́ jù. Ìdí nìyí tí epo pupa tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń rọ sí ọmọ lẹ́nu kó lè bì fi ń mú ọ̀rọ̀ burú sí i; ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ kíá, láìjẹ́ kó bì. Kọ́sítíìkì ń bó ọ̀nà ọ̀fun, àpá rẹ̀ a máa sún ọ̀nà náà pọ̀, títí ọmọ kò fi ní lè gbé ẹ̀kọ mì. Ẹ̀kọ́ tó ń ba ọ̀fun ọmọ jẹ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí òbí kan lè ní òun mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọmọ.

Ìdáhùn tó yá àwọn aládùúgbò lẹ́nu ni pé àmúwá Ọlọ́run ni, tàbí pé bí orí ọmọ ṣe yàn án nìyẹn. Ìtùnú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe ní Collines tó fi í ṣe àwáwí ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀. Diutarónómì orí 22 mú un ní dandan kí ẹni tó kọ́ ilé tuntun mọ ògiri kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká; bí kò bá mọ ọ́n, tí èèyàn sì já bọ́, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wà. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà jọ, Ànábì Muhammad pàṣẹ kí wọ́n kó àwọn ọmọdé wọlé nírọ̀lẹ́, kí wọ́n bo ohun mímu, kí wọ́n sì pa fìtílà kí wọ́n tó sùn, kí eku má bàa fi òwú rẹ̀ sun ilé. Wándé Abímbọ́lá náà fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá, èyí tó jáde ní 1976, pé orí nìkan kọ́ ni Ifá ń sọ. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn ìsapá tí orí fi ń débi tó ń lọ. Ọmọ tó ń rákò ti yan orí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níkàáwọ́ àwọn tó bí i.

Ìròyìn tí WHO àti UNICEF gbé jáde ní 2008 sọ pé nǹkan bí 830,000 ọmọdé ni ìjàm̀bá ń pa lọ́dọọdún, pé ohun tó ju 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ ló sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Orí àwọn ọmọ Koko kò burú ju ti àwọn ọmọ Kánádà lọ. Ní Kánádà, ní 1967, Henri Breault, dókítà ọmọdé kan ní Windsor, ló ṣagbátẹrù ìdérí ìgò oògùn tí ọwọ́ ọmọ kò ká. Ní 1970, Amẹ́ríkà ṣe òfin lé irú ìdérí bẹ́ẹ̀ lórí. Ọgbọ́n àgbà ló wọ inú ìgò níbẹ̀, tó ń dúró de ọmọ tí kò tíì gbọ́ èdè.

Ta wá ni ẹ̀bi? Thomas Nagel, onímọ̀ ọgbọ́n orí, mú àpẹẹrẹ kan wá ní 1976: ẹnì kan jẹ́ kí omi máa dà sínú agbada ìwẹ̀ tí ọmọ wà nínú rẹ̀, ó sì gbàgbé. Bó ti ń sáré padà, ó mọ̀ pé bí ọmọ bá ti kú, ohun burúkú gbáà ni òun ṣe. Bó bá yè, àìbìkítà lásán ni. Irú ẹ̀ wà ní àgbàlá gbogbo. Ìgò kpayo wà nílẹ̀ ní ilé méjì. Ọmọ ilé kan gbé e mu, ti èkejì ń bá ewúrẹ́ ṣeré ní tirẹ̀. Àwọn èèyàn yóò pé lé ìyá àkọ́kọ́ lórí. Ẹ̀bi ilé méjèèjì dọ́gba, ọ̀fọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Kò sì tọ́ kí wọ́n di gbogbo rẹ̀ ru ìyá tó dá gàrí yan, tó dá ọmọ tọ́, nínú yàrá kan ṣoṣo tí oúnjẹ, epo àti ẹní ìsùn jọ wà. Bàbá tó gbé ìgò wálé wà níbẹ̀. Ẹni tó rọ epo sínú ìgò ohun mímu tó sì tà á náà wà níbẹ̀. Òfin 2015-08, tí Benin fi dáàbò bo ọmọdé, kò ka ààbò ọmọ sí iṣẹ́ ìyá nìkan.

Ẹ̀yìn ìyá ni ààbò àtijọ́, ó sì dára púpọ̀: ọmọ tí wọ́n pọ̀n ń rí ohun gbogbo láti orí èjìká, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè wà lẹ́yìn títí, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀ títí, nítorí ọwọ́ tí kò kan nǹkan kì í kọ́ nǹkan. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n ti tún ilẹ̀ ṣe kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí rákò, ní nǹkan bí oṣù kẹfà: kpayo, kọ́sítíìkì àti oògùn òwú lọ sókè nínú ohun tó ní ìdérí, wọn kò sì gbọdọ̀ wọ ìgò ohun mímu láé, kànga ní ìdérí, igi tàbí ògiri kékeré là ìdí ààrò sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n da igbá, ṣíbí onígi àti ìkòkò òfìfo sílẹ̀ fún un, kó máa fi wọ́n dún bó ṣe wù ú.

Bí ọmọ bá pé ọdún kan, nǹkan ń yí padà díẹ̀. Ní 1985, James Sorce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwọn ọmọ oṣù méjìlá sórí tábìlì kan tí gíláàsì bo apá kan rẹ̀, tó fi dà bí ẹni pé ilẹ̀ jìn níbẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́ ní òdìkejì, ọmọ 14 nínú 19 kọjá. Nígbà tí ojú ìyá fi ẹ̀rù hàn, kò sí ọ̀kan nínú ọmọ 17 tó kọjá. Ìgbà yìí ni ìgbàgbọ́ ń bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ fi ń gba ohun tí kò tíì rí láti ojú ẹni tó fẹ́ràn. Àmọ́ ó dìgbà tí ojú náà bá wà níwájú rẹ̀, ìyá tó ń yan gàrí sì kọ ojú sí agbada.