Owó Tó Wà Lábẹ́ Àgọ́

Bíbélì Kíkà: Ẹ́kísódù 30:11-16, 36:2-7, 38:25-28

Bí a bá ń wàásù lórí bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe kọ́ àgọ́ Olúwa nínú aginjù, ọrẹ àtinúwá la sábà máa ń mẹ́nu bà. Wọ́n kó wúrà àti aṣọ olówó iyebíye wá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ fi lọ bá Mósè pé ó ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Mósè sì ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. (Èmi kò tíì rí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé tó ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀ rí!)

Ṣùgbọ́n owó mìíràn wà. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó ti pé ọmọ 20 ọdún sókè ní láti mú ààbọ̀ ṣékélì wá. Olówó kò gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, tálákà kò sì gbọdọ̀ dín in. Àwọn 603,550 ló san án, ó sì jẹ́ 100 tálẹ́ńtì fàdákà àti 1,775 ṣékélì.

Kí ni wọ́n fi owó náà ṣe? Ẹ fara balẹ̀ ka orí 38. Ọ̀pá fìtílà kọ́, àpótí ẹ̀rí kọ́. 100 ihò-ìtẹ̀bọ̀ ni wọ́n fi 100 tálẹ́ńtì náà dà, àwọn ni wọ́n ki pákó àgọ́ àti òpó aṣọ ìkélé bọ̀. Wúrà ń dán lókè, ṣùgbọ́n orí owó tí olówó àti tálákà san dọ́gba ni ibi mímọ́ dúró lé. Ta ló lè nàka sí ihò-ìtẹ̀bọ̀ kan pé, “Tèmi rèé”? Fàdákà onílé àwọ̀ kan ti yọ́ mọ́ ti ọlọ́pọ̀ màlúù.

Nígbà tí tẹ́ńpìlì wà ní Jerúsálẹ́mù, ọdọọdún ni àwọn Júù ń san ààbọ̀ ṣékélì yìí. Míṣínà, ìwé òfin àti àṣà tí àwọn rábì kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi, sọ pé yàrá ìkọ̀kọ̀ kan tún wà nínú tẹ́ńpìlì náà. Àwọn tó bẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ a wọ ibẹ̀ lọ fi ọrẹ sílẹ̀ láìpariwo. Àwọn ọmọ ilé rere tí ìyà ń jẹ a sì rí ìrànlọ́wọ́ gbà níbẹ̀ láìpariwo. Wọ́n wó tẹ́ńpìlì náà ní ọdún 70, síbẹ̀ títí di òní, ọ̀pọ̀ Júù ṣì ń yọ owó ìrántí ààbọ̀ ṣékélì nígbà ọdún Púrímù, àwọn tálákà ni wọ́n sì sábà máa ń fún.

Ará, ọ̀rọ̀ yìí bá mi wí. Nígbà kan tí à ń kówó ilé ìjọsìn jọ, èmi ni mo di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí 50,000 náírà, mo ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ènìyàn ń dìde, à ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo dé 1,000 náírà, mo ní kí á gbàdúrà. Ìyá kan tó ń ta ata kò wá sí ìsìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Mo lọ bẹ̀ wọ́n wò, mo rò pé ara wọn ni kò yá. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n fi 200 náírà hàn mí.

“Pásítọ̀,” ni wọ́n wí, “ẹ ò kà dé ọ̀dọ̀ mi.”

Àdúrà: Baba, dárí jì wá níbi tí a ti dójú ti àwọn ọmọ rẹ nínú ilé rẹ. Rán wa sí àwọn tí a kò kà dé ọ̀dọ̀ wọn, ní orúkọ Jésù. Àmín.